Èyí Tó Rọrùn Ni Àbí Èyí Tó Le?

Ẹ kà: Ẹ́kísódù 13:17-18, Onídàájọ́ 7:2-7, 1 Sámúẹ́lì 17:38-40

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, mo gbọ́ ariwo níbi tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń jókòó sí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, àṣé géèmù orí kọ̀ǹpútà ni. Àbúrò ní òun ti ṣe géèmù kan parí. Ẹ̀gbọ́n ní kò parí nǹkan kan, pé ìwọ̀n tó rọrùn jù lọ ló yàn, ojo ni. Omi ti ń lé ròrò lójú àbúrò. Wọ́n bá kọjú sí mi: "Pásítọ̀, sà, ṣé ẹni tó yan èyí tó rọrùn kò ti ṣe màgòmágó?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí géèmù náà ná.

Thronebreaker lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ CD Projekt Red ní orílẹ̀-èdè Poland ló ṣe é jáde lọ́dún 2018. Ìtàn ọbabìnrin kan tó ń jẹ́ Meve ni. Ọ̀tá gbógun ti ilẹ̀ rẹ̀, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì túúbá fún ọ̀tá. Meve wá ní láti kó ọmọ ogun jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Káàdì ni wọ́n fi ń ja ogun náà. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní iye agbára tirẹ̀, ẹni tí àròpọ̀ tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló borí. (Ẹ̀yin àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, wọn kì í fi owó lé e, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Àmọ́ idán àti ìtàjẹ̀sílẹ̀ wà nínú ìtàn náà, kì í ṣe ti ọmọ kékeré.) Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà tí èèyàn lè yàn. Èyí tó rọrùn jù wà fún ẹni tó jẹ́ pé ìtàn ló ń wá. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè fo ìjà kọjá tó bá fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ màgòmágó. Ọmọ tó ra expo ìdánwò ṣe màgòmágó, nítorí pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ máa sọ fún ayé pé ó mọ ohun tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, aláìsàn kan lè kú sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dá jókòó ti géèmù, tó sì sọ gbangba pé èyí tó rọrùn lòun ṣe, ta ló rẹ́ jẹ? Kò sí. Tó bá sọ pé èyí tó le lòun ṣe, nígbà náà ló di irọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojo. Ṣé ẹni tó bá yan èyí tó rọrùn ti di ojo nìyẹn? Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe nígbà tó ń kó Ísírẹ́lì jáde kúrò ní Íjíbítì. Ọ̀nà ilẹ̀ àwọn Fílístínì ló yá jù, àmọ́ Ọlọ́run kò mú wọn gba ibẹ̀. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá rí ogun báyìí, wọ́n á sá padà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Kàdúná lọ sílé lọ́dún Kérésì mọ̀ pé ọ̀nà tó yá kọ́ ni awakọ̀ tó gbọ́n máa ń gbà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run yìí kan náà ló dín ọmọ ogun Gídíónì kù láti 32,000 sí 300. Ẹ sì kíyè sí i: àwọn 22,000 tí ẹ̀rù ń bà ló kọ́kọ́ lọ sílé, Ọlọ́run kò gégùn-ún fún ẹnì kankan nínú wọn. Dáfídì náà bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ní òun ò tíì dán an wò. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọlọ́run tó mọ ìwọ̀n kálukú ló ń wọn ẹrù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo kéde ààwẹ̀ ọjọ́ 3 láìjẹ láìmu. Mo sọ látorí pẹpẹ pé ẹni tó bá ń fi tíì ṣínu lọ́sàn-án kò tíì mọ ohun tó ń wá. Ìyá àgbà kan tó ní àtọ̀gbẹ wà láàárín wa. Ojú tì wọ́n láti sọ pé oògùn àwọn kò gba inú òfìfo. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dákú nínú ilé. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò wọn kan, ọmọ Háúsá, tó sáré gbé wọn lọ sọ́sibítù. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ mí: "Pásítọ̀, ẹ má bínú, mi ò lè ṣe é parí."

Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Èmi tí ara mi le ni mo fi ara mi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ìjọ. Jésù bá àwọn tó ń di ẹrù wúwo lé èjìká ẹlòmíràn wí, mo sì rí i pé mo wà lára wọn. Mo bẹ ìyá, mo sì bẹ ìjọ. Látìgbà náà, tí mo bá kéde ààwẹ̀, mo máa ń sọ fún aláìsàn, aboyún àti arúgbó pé ẹni tó jẹun tó gbàdúrà ti bá wa gbààwẹ̀.

Ṣé ká máa fo gbogbo nǹkan kọjá nìyẹn? Rárá o. Ọmọṣẹ́ télọ̀ tó bá ń fún ẹlòmíràn ní aṣọ gé lójoojúmọ́ máa gba òmìnira, kò sì ní mọ aṣọ gé. Ohun tí èèyàn wá kọ́ gan-an ni kò gbọ́dọ̀ fò. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: kí ni mo wá ṣe níbí? Mo rí ohun kan nínú géèmù yẹn tó yà mí lẹ́nu. Èèyàn lè fo ìjà káàdì, àmọ́ ìpinnu ọbabìnrin ò ṣeé fò. Ṣé kó gba owó fún ogun rẹ̀ ni, àbí kó ṣàánú àwọn ará abúlé? Èyí tó bá yàn, àbájáde rẹ̀ ń bọ̀ níwájú, ẹni tó fọkàn tán tiẹ̀ lè fi í sílẹ̀ lọ. Ayé wa náà rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run lè mú ogun kan fúyẹ́ fún ọ. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ yan òdodo.

Mo wá bi àbúrò pé kí ló ṣe níbi tí ọ̀rọ̀ owó àti àánú ti pàdé. Ó sọ ọ́ fínnífínní, títí kan èyí tó ń dùn ún pé òun yàn. Mo bi ẹ̀gbọ́n. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, mi ò rántí mọ́. Ìjà yẹn ni mo gbájú mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n lọ sílé.

Kí Olúwa fún wa lókun fún ẹrù tó gbé fún wa, kó sì gbà wá lọ́wọ́ fífi ẹrù wa wọn ti ẹnìkejì. Àmín.