Ǹjẹ́ Irọ́ Ni Ìtàn Àròsọ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni ó gbà pé ìwé ìtàn àròsọ kò yàtọ̀ sí irọ́ tí a tẹ̀ sórí bébà. Wọn a ní ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ni ẹnìkan jókòó sínú ìyẹ̀wù tí ó ń kọ, ẹlòmíràn a fi owó rà á, a sì fi òru kà á, nígbà tí eruku ń bo ìwé ìṣirò mọ́lẹ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ kékeré. Ẹni tí a bá mọ̀ sí onírọ́ láàárín wa, bí ó tilẹ̀ sọ òótọ́, a kì í gbà á gbọ́. Bí ó bá ṣe pé irọ́ ni ìtàn àròsọ, a jẹ́ pé ilé ìwé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọmọ ní irọ́, nítorí àwa ni a ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí irọ́ jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni irọ́. Nígbà tí àgbà bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ké pé “Ààlọ́ o,” tí àwọn ọmọdé sì dáhùn pé “Ààlọ̀,” tọmọdé tàgbà ti mọ̀ pé Ìjàpá kò gbé àsáró gbígbóná sábẹ́ fìlà ní ilé àna rẹ̀ rí. Ìpè àti ìdáhùn yẹn ni ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó wọlé mọ ilé tí òun wọ̀. Onírọ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ kí o gbà pé òtítọ́ ni òun ń sọ, nítorí nǹkan kan wà tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ: ìbáà jẹ́ owó rẹ, ìbáà jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ, ìbáà sì jẹ́ àánú rẹ.

Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ìwé náà kún fún iwin, ẹbọra àti ẹranko àbàmì tí ojú ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Síbẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tí ó rà á mọ̀ pé igbó tí òun ń wọ̀ kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọgbọ́n, ẹ̀rín àti èdè tí ó dùn ni ó ń wá lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá ni ó ṣòro. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ni a ní ó ń kọ wọ́n. Ó ní òun ti jẹ́ arẹwà nígbà kan rí, òun ti fi ẹwà náà kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin jẹ ní Èkó, ṣùgbọ́n ogbó, àìsàn àti òṣì ti dé bá òun, òun sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin fi òun kọ́gbọ́n. Ó ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo ará Èkó mọ̀. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n ń káàánú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó di ìwé ní ọdún 1930, àwọn onímọ̀ kan sì pè é ní ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ṣé irọ́ ni Thomas pa? Àwọn kan ní kò purọ́, nítorí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Èkó, ìkìlọ̀ náà sì wúlò. Mo gbà pé ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tí ó jókòó sídìí fìtílà, tí ó ń kọ lẹ́tà ìtùnú sí aláìsàn tí kò sí. Àánú gidi ni àánú tí ó jáde láti inú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó darí rẹ̀ sí ni kò sí níbẹ̀. Inú ìwé ìròyìn ni ó ti ka ọ̀rọ̀ náà, níbi tí a ti ń ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ké ààlọ́ sí i. Ní tèmi, ìwé tí ó dára ni Thomas kọ, ọ̀nà tí ó gbà fi lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ni kò tọ́. Lónìí tí a mọ ẹni tí ó kọ ọ́, àbùkù yẹn ti kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà.

Irọ́ mìíràn wà tí ó fara sin ju èyí lọ. Òǹkọ̀wé lè kan ilẹ̀kùn dáadáa, kí ó sì dé inú ilé kí ó máa purọ́. Bàbá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì nígbà kan, ó mú Àjà Ló Lẹrù lọ́wọ́, èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Ó ní, “Ọ̀gá, olè ni ìwé yìí ń kọ́ ọmọ mi.” Mo bi í bóyá ó ti kà á. Kò tíì kà á. (Àwọn tí ó ń dá ìwé lẹ́jọ́ kì í sábà kà á.) Lóòótọ́ ni ọ̀daràn pọ̀ níbẹ̀, Lápàdé tí ó ń dọdẹ wọn, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, kì í sì í ṣe áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò fi ewu tí ó wà nínú ìwà ọ̀daràn pamọ́ fún ẹni tí ó ń kà á. Bákan náà ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ń ṣe ìfẹ́ kiri láàárín ọmọbìnrin mélòó kan. Ìfẹ́ náà dùn, òpin rẹ̀ ni kò dùn.

Èyí tí mo pè ní irọ́ ni ìwé tí olè ti ń jalè tí ẹnikẹ́ni kò sunkún. Mo tún fi kún un, bí ó tilẹ̀ lè bí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi nínú, pé ìwé tí gbogbo ọmọ rere inú rẹ̀ ń di olówó ní ojú ewé tí ó kẹ́yìn náà ń purọ́. Ẹ̀yin fúnra yín mọ ọmọ rere tí kò tíì rí owó ilé ìwé san títí di òní. Bí ìwé bá sọ fún un pé ẹ̀rọ tí ń tẹ owó ni ìwà rere, ọjọ́ tí kò bá rí owó náà ni yóò ju ìwà rere nù.

Nísinsìnyí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ka ìtàn. Ẹnìkan a kọ ọ́ pé ìyá òun ń kú lọ ní ilé ìwòsàn, nọ́ńbà àkáǹtì a sì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Sẹ̀gilọlá tún dé, kò sì sí olóòtú tí a lè kọ̀wé sí. Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà nira ni pé ìyá àwọn mìíràn nínú wọn ń kú lọ ní tòótọ́. Nígbà tí àwọn tí ó ń fi àròsọ gba owó bá ti mú kí a sé ọkàn wa tán, àwọn wọ̀nyí ni kò ní rí ẹni tí yóò dá wọn lóhùn.