Ṣé Ẹ̀rín Wà Lára Aṣọ Iṣẹ́?

Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a kò tíì yanjú. Ìjà kọ́ o, ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó, tí a jẹun tán, ọ̀rọ̀ náà á tún jẹ yọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà. N kò ní dárúkọ ọgbà náà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yìí fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ó wọ kaba gígùn tó balẹ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́ ń wọ̀. Ó so épírọ́ọ̀nù funfun mọ́ ìdí, ó dé fìlà kékeré onílẹ́ẹ̀sì, ó mú ìgbálẹ̀ àti pákà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo fọ́tò náà títí, ó ní, "Èmi tí mo ta ilẹ̀ kí ọmọ yìí lè kàwé, ṣé eégún òyìnbó ni mo ní kó lọ máa gbé?"

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wa papò dà, àwàdà tán. Òru ni ìròyìn náà kan ọmọ yìí lọ́hùn-ún. Ìyá àgbà tó pọ̀n ọ́n, tó wẹ̀ ẹ́, tó kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀, ni wọ́n ní ó ti lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ kaba rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, ó sì fi wákàtí mẹ́jọ gbáko rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. Lẹ́yìn ìsìnkú ló tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Bí wọ́n bá ra agbára ọmọ mi, mo gbà. Bí wọ́n bá ra àkókò rẹ̀, mo gbà. Ta ló wá fún wọn láṣẹ láti ra ẹ̀rín rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi kú?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò. Ṣé ẹ̀rín wà lára aṣọ iṣẹ́? Bí ó bá wà níbẹ̀, ṣé irọ́ ni ẹni tó wọ̀ ọ́ ń pa?

Kí á tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí á mọ ohun tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wà fún. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí ni Walt Disney. Oníṣẹ́ fíìmù ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1955, ó ṣí ọgbà Disneyland sí ìlú Anaheim ní ìpínlẹ̀ California. Èrò rẹ̀ ni pé kí èèyàn má kàn jókòó wo fíìmù, kí ó wọ inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó pín ọgbà náà sí àdúgbò àdúgbò, ó sì fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ayé àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dó, ọ̀kan jẹ́ ti igbó kìjikìji tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi là kọjá, ọ̀kan jẹ́ ti àlọ́ àwọn ọmọdé, ọ̀kan sì jẹ́ ti ayé tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ilé, orin, oúnjẹ, títí dé orí àpótí ìdalẹ̀nù, gbogbo wọn ni wọ́n ní láti bá ìtàn àdúgbò wọn mu.

Ṣùgbọ́n ilé kò lè kí àlejò. Èèyàn ló ń kí i. Bí ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nínú igbó kìjikìji bá de táì bí akọ̀wé báńkì, igbó ti di báńkì nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í pe aṣọ náà ní yunifọ́ọ̀mù. Aṣọ eré ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í pe òṣìṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ pẹ̀lú, òṣèré ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń gbá. Ibi tí ojú àlejò tó ni orí ìtàgé. Ibi tí òṣìṣẹ́ nìkan ń dé ni ẹ̀yìn ìtàgé.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Disney rí òṣìṣẹ́ kan lọ́jọ́ kan tó múra bíi káúbọ́ì, tó ń gba àárín àdúgbò ayé ọjọ́ iwájú kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Inú bí i. Káúbọ́ì kí ni ń rìn láàárín ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ sínú òṣùpá? Nígbà tí wọ́n máa ṣí ọgbà kejì sí ìpínlẹ̀ Florida ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971, Disney ti kú láti 1966, ṣùgbọ́n wọ́n ti wá ojútùú sí i. Wọ́n ṣe ọ̀nà sábẹ́ ọgbà náà, kí òṣìṣẹ́ máa gba ibẹ̀ dé àdúgbò tí aṣọ rẹ̀ bá mu. Nítorí pé omi kò jìnnà sókè ilẹ̀ níbẹ̀, orí ilẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ ọ̀nà náà sí, wọ́n wá kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Òkè ilé ni àwọn àlejò ń rìn láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú ọ̀kan wá. Ní 1969, wọ́n ṣí ilé kan tí iwin ń gbé sínú ọgbà ti California. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ múra bí ọmọ ọ̀dọ̀ ilé olówó ayé àtijọ́, a kò sì retí ẹ̀rín lọ́wọ́ wọn. Bí ojú wọn bá ṣe le tó ni iṣẹ́ wọn ṣe dára tó. Èyí fi hàn mí pé ẹ̀rín gan-an kọ́ ni wọ́n ń rà. Ohun tí wọ́n ń rà ni ojú tó bá aṣọ mu. Níbi tí aṣọ bá ti ní kí o dijú, wàá dijú. Ojú ti di ara aṣọ nìyẹn.

Ǹjẹ́ irọ́ ni? Èmi ní kì í ṣe irọ́. Ẹni tó ń purọ́ fẹ́ kí o gba irọ́ rẹ̀ gbọ́ ni. Àlejò tó sanwó wọ ọgbà mọ̀ pé eré ni. Kódà, òṣìṣẹ́ náà lẹ orúkọ rẹ̀ gidi àti orúkọ ìlú rẹ̀ mọ́ àyà lórí aṣọ eré. Nígbà tí Hubert Ogunde ń gbé eré kiri ìlú wa, ẹni tó bá ṣe ọba lórí ìtàgé kì í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn eré. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ó ti bọ́ adé.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà fi ọgbọ̀n ọdún jókòó sí káńtà báńkì. Ṣé gbogbo ìgbà tí ẹ ń kí oníbàárà 'ẹ káàárọ̀' ni inú yín ń dùn? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde."

Ó dá mi lóhùn pé, "Ìkíni ni mo kí wọn. N ò ta inú mi fún wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí dí mi lẹ́nu. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ronú sí i pẹ̀lú. Ní 1983, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Arlie Hochschild, kọ ìwé lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bu oúnjẹ fún èrò nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ó ní iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé inú èèyàn gan-an ni irinṣẹ́. Wọn kò ní kí o ṣí eyín nìkan, wọ́n fẹ́ kí o fi inú tì í. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí lè dé ibi tí kò ti ní mọ èyí tó jẹ́ inú tirẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti jàre.

Ibòmíràn tún wà tó ti jàre. Kì í ṣe gbogbo ìtàn tí aṣọ ń sọ ni eré. Láàárín 1955 sí 1970, ilé oúnjẹ kan wà ní Disneyland tó ń jẹ́ orúkọ Aunt Jemima, orúkọ tó wà lára páálí ìyẹ̀fun páńkéèkì. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Aylene Lewis, so gèlè, ó wọ aṣọ ìránṣẹ́ ayé oko ẹrú, ó ń kí àlejò, ó ń bá wọn ya fọ́tò. Àṣà náà ti pẹ́. Ní 1893, níbi ìpàtẹ ńlá ti Chicago, Nancy Green ni wọ́n wọ irú aṣọ náà fún, kó máa dín páńkéèkì, kó máa sọ ìtàn bí ayé oko ẹrú ṣe dùn tó. Ẹrú ni wọ́n bí Nancy Green fúnra rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ẹ rò ó wò! Ẹni tí wọ́n jẹ níyà ni wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín sí ìyà náà. Lára àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun, àwọn ará ilẹ̀ tiwa náà wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ará ibòmíràn sí wa. Níhìn-ín, àlejò kò mọ̀ pé eré ni. Ìtàn gidi ló pè é, ó sì gbé e lọ sílé fún ọmọ rẹ̀. Irọ́ ponbele nìyẹn. Ní 2020 ni ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun náà tó kéde pé òun máa pa orúkọ náà tì. Ẹ̀bi obìnrin tó wọ aṣọ kọ́, ẹ̀bi ẹni tó hun ìtàn ni.

Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ńkọ́? Àwọn tó ń wọ aṣọ ẹranko inú fíìmù nínú ọgbà ti Florida kò ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ tiwọn nígbà kan. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á dá a padà pẹ̀lú aṣọ eré, lọ́jọ́ kejì wọ́n á gba èyí tí ẹlòmíràn ti wọ̀. Wọ́n ń ráhùn pé ó ń kó iná ara àti ẹ̀yún ràn wọ́n. Ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn bá ọgbà náà dúnàá-dúràá ní 2001 ni kálukú tó rí tirẹ̀ gbà, tó ń gbé e lọ sílé fọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: òkè ń dán, ìsàlẹ̀ ń yún. Bákan náà, láti 1955 ni wọ́n ti ń pe òṣìṣẹ́ ní òṣèré. Ọdún 2024 ni àwọn tó ń jó tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dá inú fíìmù ní Disneyland tó dìbò pé ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ni yóò máa gbẹnu sọ fún wọn.

Gbogbo èyí ni mò ń rò lọ́kàn nígbà tí mo pe ọmọ wa lórí fóònù. Mo bi í léèrè bí ọjọ́ náà ṣe rí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ bá mi sọ fún Dádì pé aṣọ yẹn ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, èmi kọ́, ọmọ inú ìtàn ni. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mò ń sunkún Màmá jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó rí mi. Ohun tó dùn mí, ẹ̀yìn ìtàgé ló ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ tán, mo sọ fún ọ̀gá mi pé ìyá bàbá mi kú. Kò wojú mi. Ó ní kí n má gbàgbé pé aago méje ni iṣẹ́ mi máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Ọ̀rọ̀ yìí là mí lójú. Ẹ̀gbọ́n mi pe ọmọ rẹ̀ ní eégún. Ó dára, ẹ jẹ́ kí á gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé eégún ń dá jáde ni? Atọ́kùn ń bẹ níwájú rẹ̀ tó ń là á lọ́nà, tó ń lé èrò sẹ́yìn, tó mọ ìgbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn òyìnbó pàápàá mọ èyí: ẹni tó gbé orí Mickey Mouse wọ̀ kì í bọ́ ọ lójú èrò, ṣùgbọ́n ẹnì kan máa ń bá a rìn, nítorí ojú eré kì í ríran dáadáa. Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ẹni tó gbani síṣẹ́ lè fi aṣọ kún iṣẹ́, ó lè fi ẹ̀rín kún aṣọ, bí ìtàn tí aṣọ náà ń sọ kò bá ti tàbùkù ẹni tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà lọ́rùn rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kọjá ìlẹ̀kùn tó lọ sẹ́yìn, kí ó bá èèyàn níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ojú èèyàn fún wákàtí mẹ́jọ, tí kò lè wo ojú náà fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí omijé bá dé, olè ni lójú tèmi, ì báà sanwó oṣù déédéé.

Mo tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà sọ fún bàbá rẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Kò sọ pé mo jàre. Ó kàn ní kí ọmọ náà fi fọ́tò míràn ránṣẹ́, èyí tó wọ aṣọ tirẹ̀. Fọ́tò náà dé: ìró àti bùbá, gèlè Màmá lórí, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi fi gíláàsì sí méjèèjì, ó gbé wọn kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí àlejò bá bi í léèrè èwo ni ọmọ rẹ̀, á ní, "Àwọn méjèèjì ni."