Ibi Tí A Ń Sá Lọ

Bí òrùlé bá ń jò sí yàrá kan, ẹni tí ó sùn níbẹ̀ lè ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí a kì í rí òjò kí a jókòó kí ó máa pa wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òrùlé kan náà ni ó bo yàrá méjèèjì, tí òrùlé náà sì ti ń jẹrà, ǹjẹ́ ẹní kíká nìkan tó ọgbọ́n bí? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, ilẹ̀ Èkìtì ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Àrámọkọ títí kan Ẹfọ̀n Aláayè, òkè pọ̀ lọ jaburata. Níbẹ̀ ni Ìkógòsì wà, níbi tí ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù ti ń jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàn lọ pàdé ara wọn. Àwọn àgbà a máa pìtàn pé ìyàwó méjèèjì ọdẹ kan ni ó di omi náà. Ní 1952, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan, John McGee, bẹ̀rẹ̀ sí tún àyíká rẹ̀ ṣe, òkìkí ibẹ̀ sì kàn jìnnà. Ní Ìpólè-Ìlórò tí kò jìnnà síbẹ̀, omi Àrìnta ń já wálẹ̀ láti orí àpáta láàárín igbó.

Kí ni àlejò ń wá dé irú ibi báyìí? Ìtura ni. Ó ń wá òjìji igi, atẹ́gùn òkè àti omi tí ó mọ́. Nítorí náà, ojú-ọjọ́ ni ó ń júwe ọ̀nà fún arìnrìn-àjò afẹ́. Bí ojú-ọjọ́ bá sì yí padà, àlejò náà yóò yí ẹsẹ̀ padà.

Ó ti ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé. Èéfín èédú, epo àti gáàsì tí aráyé ń sun ti bo ayé bí aṣọ òtútù, ooru kò sì rí ọ̀nà jáde bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní orílẹ̀-èdè Bolivia, òkè kan wà tí a ń pè ní Chacaltaya, tí àwọn ènìyàn ti máa ń lọ ṣeré lórí yìnyín. Yìnyín náà yọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó sì di 2009, ó ti tán pátápátá. Ní oṣù keje 2023, iná jó igbó ní erékùṣù Rhodes ní ilẹ̀ Gíríìkì ní àkókò ooru líle, a sì kó nǹkan bí 19,000 ènìyàn kúrò ní ọ̀nà iná náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò tí ó wá gbafẹ́. Bí irú wọn bá wá ibòmíràn lọ lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, ta ni yóò dá wọn lẹ́bi?

Ìdánwò kan wà níhìn-ín fún àwa tí a ní òkè tútù. A lè máa yọ̀ nínú ọkàn wa pé ooru ibòmíràn yóò lé àlejò wá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tí a kọ́ lé orí òfò ẹlòmíràn kò dára, kò sì lè pẹ́. Oòrùn tí ó lé wọn kúrò lọ́hùn-ún náà ni ó ń ràn lórí Àrìnta. Òjò ni ó ń bọ́ Àrìnta. Ní ìgbà òjò a máa hó yèè, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa fẹ́lẹ́. Omi Ìkógòsì pẹ̀lú, òjò tí ó ti rì sínú ilẹ̀ ni, tí ooru ìsàlẹ̀ àpáta mú gbóná kí ó tó padà wá sókè. Bí òjò bá ń pẹ́ kí ó tó dé, tí ó sì wá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè tí a ti gé igi rẹ̀ tán, yóò gbá ilẹ̀ lọ ni, kò ní ráyè rì.

Ẹnìkan lè wí pé: "Kí ni ó kàn wá? Nínú 100 ìdá èéfín ayé, ti Áfíríkà kò ju bí 4 lọ." Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ létí àwọn tí tiwọn pọ̀ jù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ẹni tí kò ba òrùlé jẹ́ lè jẹ́ ẹni tí òjò ń pa jù lọ, bí kò bá sì dìde, ara rẹ̀ ni ó ń fi ṣòfò.

Ẹlòmíràn lè wí pé agégẹdú ní ọmọ tí yóò bọ́. Èyí pẹ̀lú jẹ́ òótọ́, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìwà òdodo béèrè pé kí owó tí àlejò ń mú wá dé ọwọ́ ẹni tí ń gbé ẹ̀bá igbó, kí igi tí ó dúró lè bọ́ ọmọ rẹ̀ ju igi tí ó wó lọ. Bí a bá fi ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebi, tí a sì ń ké sí i pé kí ó má gé igi, ìwàásù wa kò ní ìfẹ́ nínú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, òmìnira ni láti yan ibi tí a ó lọ; àlejò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi kúrò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ìpólè àti ìyá tí ń ta oúnjẹ ní Ìkógòsì kò ní ìlú mìíràn tí wọn yóò yàn. Nígbà tí a bá kó yín lọ wo omi wọ̀nyí, ẹ má ṣe béèrè kìkì bí ibẹ̀ ti dùn tó; ẹ béèrè ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe kí ó má baà gbẹ. Ẹni tí ó ká ẹní rẹ̀ ti gba ara rẹ̀ là fún òru ọjọ́ kan. Ẹni tí ó gun òrùlé lọ tún un ṣe ni ó gba gbogbo ilé là.