Ọmọ Ọdún Mélòó Ló Tó Dá Ọkọ̀ Wà?

Ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 15 lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọkọ̀ wíwà. Tó bá pé ọdún 16, tó sì ti lo ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù 6, ó lè máa dá ọkọ̀ wà. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń gbé ìlú Houston ní Texas ti wá, ọdún 18 ni òfin sọ. Àárín òfin méjèèjì ni àwọn òbí wọ̀nyí ti ń tọ́mọ, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í tètè tán nílé. Ẹni méjì ló ń jíròrò rẹ̀ níhìn-ín: ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ kí Texas fi kún ọjọ́ orí náà, àti àbúrò rẹ̀ tí kò fara mọ́ ọn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀tọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò ṣẹ̀, tí kò mutí, tí kò sá eré àsápajúdé, kí ló dé tí a ó fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Ẹni tó bá ṣẹ̀ là ń bá wí. Houston kì í ṣe ìlú téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn já, bọ́ọ̀sì kò sì dé ibi púpọ̀. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé kó lè ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nílò ọkọ̀. Òun gan-an ni òfin tí ẹ ń fẹ́ máa dùn jù, torí pé ọmọ olówó yóò rí ẹni tí yóò máa gbé e kiri. Àwọn arúgbó ńkọ́? Àwọn náà ń fi ọkọ̀ gbá nǹkan, síbẹ̀ n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí gbogbo ẹni ọdún 80 kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, àbúrò mi, àmọ́ ẹ̀tọ́ ẹni kan ṣoṣo lo sọ. Tá a bá fi iye máìlì tí wọ́n ń wà díwọ̀n, àwọn awakọ̀ ọdún 16 sí 19 ní Amẹ́ríkà ń kó sínú jàǹbá tó ń gbẹ̀mí ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tó ti pé 20 sókè. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń kú níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó jókòó tì wọ́n wà níbẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ níwájú wà níbẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá títì náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn bóyá wọ́n fara mọ́ ewu náà. Òfin ọjọ́ orí kì í sì í ṣe ìjìyà. Òfin ọdún 1984 tó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ sọ ọjọ́ orí tí èèyàn lè ra ọtí di 21 kò pe ọ̀dọ́ kankan ní ọ̀mùtí. Ní ti àwọn arúgbó, Texas ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹni tó bá ti pé ọdún 79 gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yọjú kó tó tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà, wọn yóò sì yẹ ojú rẹ̀ wò, ẹni tó bá ti pé 85, ọdún méjì-méjì ni tirẹ̀. Bí a bá lè fi ọjọ́ orí ṣọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa láìbú wọn, kí ló dé tí ti ọmọ ọdún 16 yóò fi di ìyà?

ÀBÚRÒ: Mo gbà pé ewu wà. Ibi tí mo ti ń bá yín jiyàn ni ohun tó fà á. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ orí lásán ló ń pa wọ́n, àmọ́ gbogbo àyẹ̀wò tí mo mọ̀ ló fi hàn pé àwọn oṣù àkọ́kọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ wà ló léwu jù, ewu náà á sì yára wálẹ̀ bó ṣe ń wà á sí i. Àìmọ̀ ọ́n wà dáadáa nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ yóò ti rí àkísà bí ẹ kò bá jẹ́ kó wọ aṣọ? Lọ́dún 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé àyẹ̀wò kan jáde nípa àwọn ìpínlẹ̀ tó mú òfin awakọ̀ ọ̀dọ́ le. Jàǹbá tó ń gbẹ̀mí fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn awakọ̀ ọdún 16 níbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ láàárín àwọn ọdún 18, ó fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ó dà bí ẹni pé a kàn sún ikú síwájú ni. Ẹ̀gbọ́n mi, òkú ọmọ ọdún 18 kò sàn ju òkú ọmọ ọdún 16 lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lo dé yẹn, mi ò sì ní fò ó dá. Wo òfin Texas dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé 18 gbọ́dọ̀ jókòó gba ẹ̀kọ́ ní kíláàsì, kó lo wákàtí 14 nínú ọkọ̀ pẹ̀lú olùkọ́, wákàtí 7 nínú rẹ̀ ni yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ wà á. Lẹ́yìn náà, yóò tún wa ọkọ̀ fún 30 wákàtí pẹ̀lú àgbàlagbà tó ti pé ọdún 21 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 10 nínú wọn yóò sì jẹ́ lálẹ́. Tó bá wá gba ìwé àṣẹ, kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ láti aago 12 òru sí aago 5 ìdájí, kò sì gbọ́dọ̀ kó ju ẹyọ ẹnì kan tí kò tíì pé 21 tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní sùúrù títí ó fi pé 18, ẹ̀kọ́ wákàtí 6 péré ni òfin fi dè é títí dé ọdún 24. Ẹni tó bá ti pé 25, wọn ò béèrè ẹ̀kọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó wá yà ọ́ lẹ́nu pé àwọn ọdún 18 ń kú? Àwọn ìpínlẹ̀ mú òfin le fún ọmọdé, wọ́n sì ṣí ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún ẹni tó bá dúró dè é. Mo gbà pé fífi kún ọjọ́ orí nìkan yóò ti ọ̀pọ̀ ọmọ gba ẹ̀yìnkùlé yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a fi kún un, kí a sì ti ẹ̀yìnkùlé náà: kí ẹ̀kọ́ àti wákàtí 30 yẹn tẹ̀ lé ẹni tuntun lórí títì, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 17, ì báà jẹ́ 23. New Jersey ń ṣe ohun tó jọ èyí. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà láyè láti dá ọkọ̀ wà, òfin ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ wọn, tó ń tú awakọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sì kan gbogbo awakọ̀ tuntun tí kò tíì pé 21. Àwọn olùwádìí ti fi New Jersey wé Connecticut tó wà nítòsí rẹ̀, níbi tí ọmọ ọdún 16 ti ń wa ọkọ̀, wọ́n sì rí i pé ikú ọmọ ọdún 16 nínú jàǹbá ọkọ̀ kéré sí i gan-an ní New Jersey.

ÀBÚRÒ: Bí àìmọ̀ ọ́n wà bá ni ìṣòro, tí ẹ sì ti gbà pé ẹ̀kọ́ ni oògùn rẹ̀, kí ni ọjọ́ orí tún ń wá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 16 kọ́ ọ dáadáa, kó máa lọ. Faransé tiẹ̀ dín tiwọn kù láti 18 sí 17 ní oṣù kìíní ọdún 2024. Nílé ní Nàìjíríà, ọdún 18 wà nínú ìwé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń kú lójú títì lọ́dọọdún síbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ti ilé, o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń gba ìwé àṣẹ láìsí ẹni tó bá wọn jókòó nínú ọkọ̀ wò ó bóyá wọ́n lè wà á. Nọ́ńbà tí kò sí àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀ kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fi Nàìjíríà ṣe ẹ̀rí. Faransé tí o mú wá, ọdún 17 ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí Texas dé. Ní Jámánì, ọmọ ọdún 17 lè wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó tì í títí yóò fi pé 18. Àní New Zealand, tó ti ń lo ìwé àṣẹ ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ láti ọdún 1987, tún fi kún ọjọ́ orí ìbẹ̀rẹ̀ láti 15 sí 16 lọ́dún 2011. O bi mí léèrè ohun tí ọjọ́ orí ń wá. Wo àyẹ̀wò tí AAA, àjọ àwọn awakọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 2012 lórí awakọ̀ ọdún 16 àti 17. Tó bá gbé ẹnì kan tí kò tíì pé 21, tí kò sì sí àgbà nínú ọkọ̀, ewu ikú rẹ̀ fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Tó bá gbé méjì, ó di ìlọ́po méjì. Tó bá gbé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlọ́po mẹ́rin. Tí ẹni tó ti pé ọdún 35 bá sì jókòó sínú ọkọ̀ kan náà, ewu náà fi ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló wà lórí ìdarí ọkọ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ló kọ́. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń fẹ́ kó kan sáárá sí òun. Kò sí kíláàsì tó lè mú ìyẹn kúrò lára ọmọ ọdún 16. Ìgbà ló ń mú un kúrò. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìwádìí tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ ń náwó sí ní Amẹ́ríkà fi sọ lọ́dún 2008 pé kí àwọn ìpínlẹ̀ sún ọjọ́ orí náà sí 17 tàbí 18.

ÀBÚRÒ: Ọmọ tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Texas ti ní ìwé àṣẹ àkànṣe fún ọmọ ọdún 15 tí ìnira bá ilé rẹ̀, bí àìsàn òbí tàbí àìrówó gbọ́ bùkátà. Ẹ jẹ́ kó wà síbẹ̀. Kí wọ́n kàn kọ ọ̀nà tí ọmọ náà lè gbà sínú rẹ̀, láti ilé sí ilé-ìwé àti ibi iṣẹ́, láìgbé ọ̀rẹ́ kankan. Owó ẹ̀kọ́ ni mo rò pé ó yẹ kí ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́ lé lórí, torí bí wákàtí 14 pẹ̀lú olùkọ́ bá di dandan fún ẹni ọdún 20 náà, tálákà ni yóò kọ́kọ́ rò ó lára.

ÀBÚRÒ: Bí ẹ bá fi ti owó yẹn sínú òfin, tí ẹ sì ti ẹ̀yìnkùlé ọdún 18 pa lọ́jọ́ kan náà, màá fọwọ́ sí ọdún 17. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan lẹ fẹ́ yí, mi ò sí níbẹ̀.