Àṣírí Bíbò àti Àìsàn Ọkàn

Nínú àwọn àdúrà tí Yorùbá ń gbà lójoojúmọ́, ìwọ̀nba ni ó wọ́pọ̀ tó èyí pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Ẹni tí ó mọ àléébù ẹnìkejì rẹ̀ tí kò sì tú u síta, ọmọlúwàbí ni à ń pè é. Ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́, àwọn àgbà a ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé ìwà rere ni àṣírí bíbò. Ṣùgbọ́n kò sí ìwà rere tí kò ní ààlà tirẹ̀. Ìlawọ́ tí kò ní ìwọ̀n a máa di ìnákúnàá. Ìgboyà tí kò ní ọgbọ́n nínú a máa di ìwà wàdùwàdù. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ àti òbí jọ gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ọkàn tàbí ọpọlọ ọmọ ilé bá ṣàárẹ̀, tí àwọn ẹbí sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, àṣírí ta ni wọ́n ń bò? Ti aláìsàn ni, tàbí ti ara wọn?

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ẹbí, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Nígbà tí alárùn ọpọlọ bá ń jó lọ́jà, àwọn èrò a máa rẹ́rìn-ín. Ìyá tí ó bí i kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ pé kí ìdílé kan tó fi ọmọ fún ìdílé kejì, ìwádìí a máa lọ lábẹ́lẹ̀: ǹjẹ́ wèrè wà nínú ìran wọn? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Wárápá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá jáde lè dí ọ̀nà ìgbéyàwó mọ́ àwọn ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe. Bàbá tí ó bí ọmọ mẹ́fà, tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣàìsàn, tí ó sì dákẹ́, kì í ṣe ìkà. Ìṣirò àwọn márùn-ún yòókù ni ó ń ṣe. Ẹni tí yóò bá a wí ní láti kọ́kọ́ mọ ìṣirò náà.

Ìṣirò yìí tún máa ń le sí i fún ẹni tí ó bá wà ní àjò. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò lọ sí ìlú Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, pàápàá àwọn ará Ẹjìgbò. Títí di òní, a ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣòwò ní Treichville àti Adjamé, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ Faransé ní Ẹjìgbò lẹ́nu àwọn tí ó ti àjò dé. Ẹni tí ó ní ilé méjì, iyì méjì ni ó ń ṣọ́. Owó ni a retí pé kí ó fi ránṣẹ́ sílé, àti ìròyìn ayọ̀. Bí orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá wá dàrú ní irú ibẹ̀, ó rọrùn kí àwọn tí ó wà ní Abidjan sọ fún aládùúgbò pé ó ti lọ sílé, kí àwọn ará ilé sì máa sọ fún ẹni tí ó bá bèèrè rẹ̀ pé ó wà ní àjò. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Kò sí ẹni tí ó lù ú. Síbẹ̀, láàárín ilé àti àjò, ènìyàn kan ti sọnù.

Agbègbè Abidjan yìí kan náà ni a ti lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lórí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá tú àṣírí. Ní ìlà-oòrùn ìlú náà, létí ọ̀sà, ni Bingerville wà, tí ó jẹ́ olú ìlú fún àwọn Faransé láti ọdún 1900 títí di ọdún 1934. Ibẹ̀ ni ìjọba ṣí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ sí ní ọdún 1962. Kò jìnnà sí ibẹ̀ tí a ó fi kan abúlé Bregbo, níbi tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Albert Atcho ti ń wo àwọn aláìsàn sàn kí ilé ìwòsàn náà tó dé. Ọmọ ìjọ Harris ni, èyí tí ó ti inú ìwàásù William Wade Harris jáde, ará Liberia tí ó la etíkun ilẹ̀ náà kọjá ní ọdún 1913 sí 1914. Ní Bregbo, aláìsàn ní láti jẹ́wọ́. Yóò sọ ohun gbogbo tí ó wà ní inú rẹ̀, akọ̀wé yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì gbọ́ ọ ní gbangba. Àwọn onímọ̀ bíi Marc Augé àti Colette Piault lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1975. Atcho kú ní ọdún 1990.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rí ìtura ní Bregbo, kò sì yẹ kí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó. Ẹni tí ó ti ń dá ìrora rù fún ọdún púpọ̀ rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí, ó sì rí àwọn tí wọn yóò jọ máa gbé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìjẹ́wọ́ náà tí ó yẹ kí ó kọ wá lóminú. Kì í ṣe ìrora nìkan ni aláìsàn ń jẹ́wọ́, ẹ̀bi náà ni. Ó ní láti sọ pé òun fúnra òun ni ó fi ẹ̀mí ara òun ṣe ibi sí àwọn ènìyàn, tí àìsàn fi mú òun. A gbé ẹrù kúrò ní inú rẹ̀, a sì tún gbé òmíràn lé e lórí. Nípa báyìí, ojúde kò fi gbogbo ìgbà sàn ju ìyẹ̀wù lọ. Bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ariwo lè pa á pẹ̀lú.

Ọ̀nà kẹta wà, ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ni a sì ti là á. Ní ọdún 1954, ní Arò, ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí gbogbo ayé wá gbọ́ nípa rẹ̀. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ilé ìwòsàn, ó bá àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà wọ́n sílé. Aláìsàn yóò lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà, yóò sì padà sí abúlé láti bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, jẹun, kí ó sì bá wọn ṣe fàájì. Òfin kan wà níbẹ̀: kò sí aláìsàn tí ó gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa bá a dáná, kí ó máa bá a fọ aṣọ, kí ó sì máa bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. A kò fi aláìsàn pamọ́ ní Arò, a kò sì fi í ṣe ìran wò. Etí tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wà lára gbogbo etí tí ó gbọ́ ọ.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé àwọn díẹ̀ tí orí wọn dàrú pátápátá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwádìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1953, òyìnbó oníṣègùn kan, J. C. Carothers, kọ̀wé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó di àìsàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1961, Lambo àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà lọ láti abúlé dé abúlé ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 1963. Wọ́n rí i pé àìsàn náà kò ṣọ̀wọ́n rárá. Kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí Yorùbá ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bèèrè nípa àìrí oorun sùn, àìlè jẹun, ẹkún sísun àti àárẹ̀ tí kò nídìí, àwọn ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì dáhùn. Ohun tí a kò bá bèèrè, a kì í gbọ́.

Èdè wa mọ àbísínwín, ìyẹn wèrè tí í mú ìyá ọlọ́mọ tuntun, nítorí pé ariwo wà nínú rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìbànújẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí ń jẹ aláboyún. Ní ọdún 2010 sí 2011, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí láàárín nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan aláboyún ní Abidjan àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Ghana. Àwọn tí ó ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nínú wọn ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ rántí pé ọdún wọ̀nyí gan-an ni ìjà tí ó tẹ̀lé ìdìbò ààrẹ dá ìlú Abidjan rú, tí nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì kú ní Côte d'Ivoire. Èdè wa mọ ṣíṣarán àwọn arúgbó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a máa ń rò pé ìbànújẹ́ arúgbó jẹ́ ara ọjọ́ ogbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàárín àwọn arúgbó tí ó lé ní 2,000, tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé nínú 100, nǹkan bí 26 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ṣe rí láyé wọn; nǹkan bí méje ni ó sì ṣe láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ní ti àwọn ọmọdé, ìwádìí káàkiri àgbáyé fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn àìsàn ọkàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 18. Èyí ni pé inú kíláàsì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a fi gbà pé ìtìjú tí kò láfiwé ni? Ibí ni àṣírí bíbò ti ń ṣe ohun tí àwọn tí ń bò ó kò rò. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kì í sọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, gbogbo ọjà ni ó ń rí i. Olùkọ́ tí ó ṣàìsàn ọkàn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ó gba ìtọ́jú, tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí ó wà lójú gbogbo ènìyàn ni ẹni tí ó wà ní ìhòòhò lábẹ́ igi. Nítorí náà ni aráyé ṣe gbà pé àìsàn náà kò ní àwòsàn. Nítorí pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹbí ṣe ń fi í pamọ́. Bàbá tí ó ń bo ọmọ kan láti gba àwọn márùn-ún là ń bu omi sí ìdí igi ìtìjú tí yóò ṣíji bo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí máa ń parí sí kò dára láti wò. Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin tí ó ń ṣe iṣẹ́ vulcanizer ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn alárùn ọpọlọ kúrò ní ìgboro ní nǹkan bí ọdún 1990. Láìpẹ́, wọ́n pè é lọ sí àwọn abúlé tí a ti so ènìyàn mọ́ igi tàbí ìtì igi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀nì, àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, tí a fi Saint Camille sọ lórúkọ, ti ṣí ilé ìtọ́jú ní Côte d'Ivoire, Benin àti Togo. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ jẹ́ àwọn tí àìsàn náà ti ṣe rí. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó so àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́ igi. Bàbá ni, ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni: àwọn tí ó ti ná gbogbo owó wọn, tí ó ti rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n lè ké sí. Ẹrù tí ó yẹ kí ìlú bá wọn gbé ni wọ́n dá gbé títí tí ọrùn fi wọ̀.

A kò gbọdọ̀ purọ́ fún ara wa pé sísọ òtítọ́ kò ní mú àdánù dání. Ó lè mú un dání. Ìgbéyàwó lè bàjẹ́ nítorí rẹ̀, oníbàárà sì lè yà kúrò. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a sọ àìsàn ẹnikẹ́ni fún gbogbo ayé. Kí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni ìdákẹ́jẹ́ yìí ń ṣe ní àǹfààní? Ẹni tí mo fẹ́ sọ fún, ǹjẹ́ ó ní ọwọ́ tí yóò fi bá wa gbé e? Aláìsàn fúnra rẹ̀ ńkọ́, ǹjẹ́ a ti bi í léèrè? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń gbàgbé ìbéèrè ìkẹyìn yìí, bí ẹni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣàárẹ̀ kò ní ẹnu mọ́. Òun ni ó ni àṣírí náà. Ẹbí kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà fi òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin wèrè tí a jogún láti ìgbà àwọn òyìnbó. Èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè la ẹnu ìdílé. Ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán ni yóò là á, olùkọ́ sì ni ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Bí ọmọ tí ó máa ń ṣeré bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó, bí ẹni tí ó máa ń gba ipò kìíní kò bá lè parí ìlà kan mọ́, bí ọmọ bá ń sùn ní kíláàsì nítorí pé kì í sùn lóru, kí olùkọ́ má ṣe pe orúkọ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó má sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àwàdà ní yàrá àwọn olùkọ́. Kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti sọ pé àìsàn báyìí ni. Kí ó pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó bi í léèrè, kí ó sì ní sùúrù fún ìdáhùn. Lẹ́yìn náà kí ó ránṣẹ́ sí òbí, kí ó bá wọn wá ọ̀nà dé ilé ìwòsàn, bí ó bá sì ṣe é ṣe kí ó bá wọn dé ibẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa kò ní kúrò lẹ́nu Yorùbá, kò sì yẹ kí ó kúrò. Aṣọ ni àṣírí jẹ́. A máa ń da aṣọ bo ènìyàn kí òtútù má bàa mú un, kí ojú má sì tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí a da aṣọ bò títí tí kò fi rí èémí mí mọ́, a kò tọ́jú rẹ̀.