Gbígba Àgbàlá Wọlé

Ìwọ òǹkàwé mi, bí baálé bá ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ ti bá àwọn aládùúgbò ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá gba àgbàlá wọn kọjá lè wọlé, ǹjẹ́ olè ni ọ́ bí o bá gba ibẹ̀ wọlé? Má tètè dáhùn.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn lè kó lọ sí òmíràn fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ nìkan. Bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní láti máa ṣiṣẹ́, tàbí kí ó ní owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè bá a lọ, ìbáà jẹ́ ọmọ Íńdíà tàbí ọmọ Nàìjíríà.

Ní 1982, Surinder Singh, ọmọ Íńdíà, fẹ́ obìnrin ará Ìlú Ọba kan. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní Jámánì láti 1983 títí di 1985, wọ́n sì padà sí Ìlú Ọba. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn dàrú, ìjọba fẹ́ lé ọkọ náà lọ. Ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù, èyí tí ó wí ní 1992 pé ẹni tí ó lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè kò gbọdọ̀ padà sílé kí ẹ̀tọ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá kéré sí èyí tí wọ́n ní lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ náà wá le ní 2012, nígbà tí ìjọba Ìlú Ọba pàṣẹ pé ẹni tí yóò mú aya tàbí ọkọ wá láti òkèèrè gbọ́dọ̀ máa gba pọ́n-ùn 18,600 lọ́dún. Fi ọkàn wo ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí aya rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tí owó rẹ̀ kò sì tó iye yẹn. Àwọn kan tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kó lọ sí Írẹ́láǹdì, wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀nà yẹn padà. Àwọn ènìyàn ní ẹ̀tàn ni.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ tí mo kọ́, èyí tí ó mọ òfin ilé-ìwé jù ni àwọn olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ fura sí. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìmọ̀ yẹn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó háyà yàrá ní Dublin tí kò sùn níbẹ̀ rí, òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ibẹ̀ ní tòótọ́, tí ó jí lówùúrọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí òtútù sì pa, kí ni ó fi pamọ́? Ní 2003, ilé ẹjọ́ náà wí pé ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni náà nígbà tí ó ń kó lọ kì í ṣe ọ̀ràn òfin, bí kì í bá ti í ṣe ìgbéyàwó ayédèrú.

Ohun kan ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Owó ni a fi ń wọkọ̀, owó ni a fi ń sanwó ilé. Ẹni tí ìyà jẹ jù lọ, tí ó ń gbálẹ̀ lóru, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Dublin. Ilẹ̀kùn iwájú tì mọ́ ọn, kò sì ní owó tí yóò fi dé àgbàlá.

Ìlú Ọba jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní 31 January 2020. Ní April 2024, ó gbé iye owó náà sókè sí pọ́n-ùn 29,000.