Ẹ̀YÀ ARA TÍ A Ń BÒ

Ẹ ka 1 Kọ́ríńtì 12:22–26 àti Máàkù 7:14–23.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ̀wé sí ìjọ Kọ́ríńtì, ara ènìyàn ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ ìjọ. Ó rán wọn létí pé ẹ̀yà ara tí a kì í fi han ojú ayé gan-an ni a ń fi aṣọ dá lọ́lá. Nínú oṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a gba ẹ̀kọ́ náà bí ó ti rí gan-an, nítorí àwọn kan ń bẹ tí ẹ̀yà ara wọn kan ti di ohun ìtìjú fún wọn, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ yẹra fún ilé Ọlọ́run.

Nígbà tí ìfun bá bàjẹ́, tàbí tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, oníṣègùn lè la ikùn, kí ó fa ìfun jáde, kí ó sì rán an mọ́ awọ ikùn, kí ìgbọ̀nsẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Sítómà ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ẹnu. Ẹnu yìí pupa, ó sì tutù bí inú ètè. Bí a bá fọwọ́ kàn án, kì í dunni. Ṣùgbọ́n kò ní iṣan tí ó lè fi pa ara rẹ̀ dé. Nítorí náà ẹni tí ó ní i kò lè dá ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ dúró, àpò ni a sì ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láti gbà á. Ti ẹlòmíràn wà fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó tún un dé. Ti ẹlòmíràn, títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni.

Kí ni ó ń mú irú iṣẹ́ abẹ yìí wá? Ibà táífọ́ọ̀dù, tí a ń kó nínú omi àti oúnjẹ àìmọ́, a máa dá ìfun lu. Ọmọ mìíràn a wá sáyé láìní ojú ihò ìdí. Jẹjẹrẹ a máa mú ìfun ńlá. Ìjàǹbá ọkọ̀, irú èyí tí gbogbo wa tí ń rin ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ń gbàdúrà kí a má rí, a sì máa ṣe ènìyàn léṣe nínú. Iṣẹ́ abẹ náà ń gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀ a ń rí aláìsàn tí yóò kọ̀ ọ́, tí yóò ní ikú yá ju ẹ̀sín.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a yẹ òwe yìí wò. Ó yẹ olè, ó sì yẹ ọ̀dàlẹ̀. Kò yẹ aláìsàn. Ta ni ó ń fi í ṣẹ̀sín? Kì í ṣe Ọlọ́run, kì í sì í ṣe oníṣègùn. Àwa ni: àwa tí ń fi ọwọ́ di imú, àwa tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Bí a bá mú ẹ̀sín kúrò, kí ni yóò kù tí ènìyàn yóò fi yan ikú?

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, ǹjẹ́ ẹni tí ó gbé ìgbọ̀nsẹ̀ sára ha lè wá síbi Tábìlì Olúwa bí? Olúwa tìkára rẹ̀ ti dáhùn. Ó tọ́ka sí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ẹnu títí dé ṣálángá, ó sì fi hàn pé kò sí ohunkóhun ní ọ̀nà náà tí ń sọ ènìyàn di aláìmọ́. Ibi tí ń ti inú ọkàn jáde ni àìmọ́. Gbogbo wa tí ń kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ni a gbé ohun kan náà sínú. Tiwa wà lábẹ́ awọ, tirẹ̀ wà nínú àpò; ìyàtọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì rántí ìwẹ̀fà ará Etiópíà (Ìṣe 8:26–39). Òfin àtijọ́ ti sé irú rẹ̀ mọ́ ìta ìpéjọ (Deutarónómì 23:1), wòlíì Aísáyà sì ti ṣe ìlérí àyè fún un nínú ilé Ọlọ́run (56:3–5). Nígbà tí Fílípì pàdé rẹ̀, ó rì í bọmi. A kò kà pé ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí ìfẹ́ ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1793, ní ìlú Brest ní ilẹ̀ Faransé, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Duret ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ọmọ-ọwọ́ tí a bí láìní ojú ihò ìdí. Ọmọ náà sì dàgbà di ẹni ogójì ọdún ó lé. Ní ọdún 1954, ní Dẹ́ńmákì, obìnrin kan tí ń jẹ́ Thora, tí a ti ṣe é fún, ń bẹ̀rù láti jáde nílé, kí ó má baà dà sílẹ̀ lójú ènìyàn. Elise Sørensen, ọmọ ìyá rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, kò wí fún un pé kí ó máa jókòó sílé. Ó ronú kan àpò tí ó lè lẹ̀ mọ́ ara tímọ́tímọ́, ó sì gbé e tọ Aage Louis-Hansen lọ, ẹni tí ń ṣe ohun èlò ike. Ìyàwó ọkùnrin náà, Johanne, ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Láti inú ìfẹ́ ọmọ ìyá ni àpò náà ti jáde. Ní ọdún 1958, ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, Norma Gill, ẹni tí ẹnu bẹ́ẹ̀ wà lára òun tìkára rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí bá oníṣègùn Rupert Turnbull ṣiṣẹ́, láti máa kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ti máa tọ́jú ara wọn. Ẹni tí ó ti rin ọ̀nà rí ni ó mọ ibi tí kòtò wà.

Ǹjẹ́ kí ni kí àwa ará Mọ́níyà àti abúlé agbègbè wa ṣe? Èkíní, kí a pa àṣírí mọ́. Èkejì, kí ilé ìsìn ní ilé ìyàgbẹ́ tí omi wà níbẹ̀, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì, kí a sì fi àyè sílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà fún ẹni tí ó lè fẹ́ jáde. Ẹ̀kẹta, àpò wọ́n, ìgbà gbogbo ni a sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn a máa fi ọ̀rá àti aṣọ dí i. Bí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ti ń gbé ọṣẹ àti aṣọ lọ bá abiyamọ, bẹ́ẹ̀ ni kí owó àánú ìjọ ra àpò. Ẹ̀kẹrin, kí a bẹ nọ́ọ̀sì ní UCH tàbí ní ilé-ìwòsàn mìíràn kí ó mú aláìsàn tuntun mọ ẹni tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá fẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní kíláàsì yín, ẹ jẹ́ kí ó jáde láìbèèrè, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ ẹ̀gàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìwọ arákùnrin, ìwọ arábìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, má ṣe dá nìkan rù ú. Da ohun inú àpò nù kí ó tó kún dé ìdajì. Fi omi lásán wẹ awọ ara, kí o sì nù ún gbẹ kí o tó lẹ òmíràn. Bí ohun tí ń jáde bá ṣàn bí omi, mu omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí. Bí awọ bá bó, tàbí bí ohunkóhun kò bá jáde mọ́ tí inú sì ń run ọ́, tètè padà sọ́dọ̀ oníṣègùn. Má ṣe gbé ẹrù wúwo ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìwọ yóò tún padà sí oko àti sí ọjà rẹ. Sọ fún ọkọ tàbí aya rẹ. Sọ fún ẹnìkan nínú ìjọ tí ó mọ ẹnu pa mọ́. Kí o sì padà wá sí ìjókòó rẹ, nítorí ara kò pé nígbà tí ìwọ kò sí níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó dá inú àti òde wa fún wa ní ọkàn tí ń bo ara ẹni láṣìírí, nípasẹ̀ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.